Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Òǹkọ̀wé àti Ilé Ẹni Tó Ń Ṣẹ̀dá Orin

Àwọn lẹ́tà tó jọ ara wọn la kó pọ̀ lóṣù yìí. Gbogbo wọn ló dá lórí ilé tí òǹkọ̀wé tàbí ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin gbé rí, tí wọ́n wá sọ di ibi tí ará ìlú lè wọ̀ wò. Àwọn kan fẹ́ lọ, àwọn kan ti lọ tí inú wọn kò sì dùn, ìdílé kan sì fẹ́ ṣí tiwọn. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú díẹ̀.

Àwọn ọmọ ní àwọn ti rí i tán

*Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí. Ọmọ SS2 mẹ́rìndínlógójì ni mo fẹ́ kó lọ sí ilé Fẹlá ní Ìkẹjà. Nígbà tí a lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan lọ́jọ́sí, kíá ni wọ́n ti rìn ín já, tí wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta súyà. Kí ni mo lè ṣe tí owó àwọn òbí kò fi ní ṣòfò? (Tíṣà kan, Bódìjà)*

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ohun tó ń tètè sú àwọn ọmọ ni pé ilé ni wọ́n lọ wò, ilé kò sì ṣàjèjì sí wọn. Bẹ́ẹ̀dì, bàtà, àga: gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ bàbá wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bíi èyí tó wà ní Alẹ́ṣinlóyè níbí n'Ìbàdàn, láti ibi púpọ̀ ni wọ́n ti kó nǹkan jọ síbẹ̀. Èèyàn lè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kó sì kọjá. Ilé òǹkọ̀wé tàbí ti olórin kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ni ipò tí nǹkan wà: kí ló sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ló jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé wo ni tábìlì kọjú sí. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́ wọn láti máa wò.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ọmọ tí kò gbọ́ orin Fẹlá rí, aṣọ àti bàtà lásán ló máa rí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ fún wọn ní "Zombie", tó jáde ní 1976, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n kọ ohun tó ń sọ nípa sójà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún wọn pé ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977 ni àwọn sójà ya wọ ilé tó ń gbé nígbà náà tí wọ́n sì dáná sun ún. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò ní dé ibojì Fẹlá níwájú ilé kó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan àti pẹ́ńsùlù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n mú báírò wọlé. Tó bá fara kan nǹkan níbẹ̀, kò ní kúrò mọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú yàrá kan ṣoṣo, kó ya àwòrán ìlà rẹ̀ láti òkè: ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tó tóbi. Lábẹ́ àwòrán náà, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni onílé lò fúnra rẹ̀? Èwo ni wọ́n gbé wá lẹ́yìn tó kú? Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń jẹ́ kí wọ́n bá amọ̀nà sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè rí ìdáhùn rẹ̀ kà lára ògiri.

Ọmọ mẹ́rìndínlógójì kò lè wọ yàrá kan pọ̀. Àwọn tó bá wà lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan, àwọn ni wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta, méjìlá-méjìlá: àwọn kan nínú yàrá, àwọn kan nídìí àwọn fótò àti aṣọ, àwọn kan níta nídìí ibojì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n pààrọ̀. Tíṣà kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ nílò ó kéré tán ẹni mẹ́ta, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan àti dírẹ́bà.

Ẹ kọ́kọ́ dá lọ wò ó fúnra yín. Ilé ọtí wà lórí òkè ilé náà, pátá Fẹlá sì wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀ fún ọmọ SS2 tí tíṣà rẹ̀ bá ti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára kí òbí kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ máa fi gba àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ yẹra fún àárín oṣù kẹwàá: ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n bí Fẹlá, ìgbà yẹn ni Felabration, àjọ̀dún ìrántí rẹ̀, máa ń wáyé, èrò á sì pọ̀ ju ohun tí ẹ lè fi ọmọ rìn láàrin rẹ̀. Ẹ pè ṣáájú, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá pọ̀ báyìí, àti bóyá owó amọ̀nà wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà ló máa rọ̀ yín lọ́rùn ju ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Agége, kí ẹ fi bọ́ọ̀sì tí ẹ ti bá ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ dé Ìkẹjà. Ibi tí ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni àbọ̀: ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í dúró de ẹni tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkẹjà. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi wákàtí méjì sílẹ̀ láàrin ìgbà tí ẹ máa kúrò nílé Fẹlá àti ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí.

Ṣé ilé tí wọ́n jó nìyẹn?

*Èmi àti ọkọ mi ń jiyàn. Ó ní ilé tí a lọ wò ní Ìkẹjà ni àwọn sójà dáná sun. Mo ní irọ́ ni. (Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá)*

Ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyá Ìbejì. Èyí tí wọ́n jó wà ní nọ́ńbà 14, Agége Mọ́tọ̀ Róòdù. Èyí tí ẹ lọ wò wà ní nọ́ńbà 7, òpópónà Gbémisọ́lá, níbi tí Fẹlá gbé lẹ́yìn náà títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú, owó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí Bàbá Ìbejì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ilé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, tó fi kú ní 1978. Ẹni tó bá ń wá fèrèsé yẹn ní Gbémisọ́lá kò ní rí i.

Wọn kò jẹ́ kí n ya fótò

*Mo sanwó wọlé ní ilé òǹkọ̀wé kan, mo gbé fóònù sókè báyìí, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ ya ìwé tó wà nínú gíláàsì. Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n láti ta káàdì fún wa ni? (Òṣìṣẹ́ báńkì kan, Dùgbẹ̀)*

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé fláàṣì ló ń ba ìwé jẹ́. Fláàṣì kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kan fún ìwé. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, ló ń jẹ ẹ́. Yíǹkì tí àwọn bàbá wa fi ń kọ̀wé máa ń ṣí, ìwé á pọ́n, á sì máa fọ́ bíi gúgúrú. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá ti mú lọ kì í padà. Ìdí nìyẹn tí inú yàrá àfọwọ́kọ fi máa ń ṣókùnkùn díẹ̀, tí ẹ fi máa rí kọ́tìnì lójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ojú yín mọ́ ọn lára kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìdí kejì ni òfin. Ní Nàìjíríà, òfin kópíráìtì ti 2022 ní iṣẹ́ òǹkọ̀wé tàbí ti aṣẹ̀dá orin jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. D. O. Fágúnwà kú ní 1963: títí di ìparí 2033 ni. Ògúńdé kú ní 1990: títí di ìparí 2060. Ojú ewé àfọwọ́kọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ jáde, tí ẹ yà tí ẹ sì gbé sórí Facebook, lè kó àwọn tó ń ṣọ́ ilé náà sí wàhálà pẹ̀lú ìdílé. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ fún ìwádìí, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Wọ́n lè gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún yín. Yàrá fúnra rẹ̀, àga, ògiri, àgbàlá, ọ̀pọ̀ ibi ló ń jẹ́ kí èèyàn ya ìyẹn.

Ní ti ọwọ́ kíkàn, ẹ má ṣe jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ní iyọ̀ nínú, ó sì ń mú kí irin taípù dípẹtà.

Mi ò fẹ́ dé Èkó

*Ṣé kò sí ilé ẹni tó kọ̀wé tó tún ṣẹ̀dá orin tí kò jìnnà sí Ìbàdàn? Ọmọ mi ní kí n lọ sí ilé Ṣóyínká l'Abẹ́òkúta, ó ní èèyàn lè kàn wọlé. (Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, Apẹ̀tẹ̀)*

Bàbá, ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká l'Abẹ́òkúta kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé àdáni ẹni tó wà láàyè ni. Ẹni tí wọn kò bá pè kì í kan ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ lọ sí Aké, kí ẹ rìn yí ká ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ àti ọgbà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ló sì kọ ìwé ìgbà èwe rẹ̀ lé lórí ní 1981. Ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà máa gbé yín dé ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí pé ìlú yìí kan náà ni Álúfàá J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn Yorùbá ṣẹ̀dá orin ìjọ, tó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú àwo. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá. Láti ìhà ìyá, ìran rẹ̀ ni Ṣóyínká náà. Òǹkọ̀wé àti olórin láti orírun kan náà, ẹ kò kúkú ní wá jìnnà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó ṣe méjèèjì, Hubert Ògúńdé ni, ní Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń ṣẹ̀dá orin inú rẹ̀, òun náà ló ń ṣe é. Láti ibí, ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Màmú lẹ máa gbà. Ẹ má kàn gbéra: ẹ wá ẹni tó mọ ará ibẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, nítorí ilé tó bá wà lábẹ́ ìdílé kì í ní ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa ará Ìbàdàn gan-an. Lẹ́yìn tó ṣe "Yorùbá Ronú" ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ìgbà tí sójà gba ìjọba ní 1966 ni òfin náà tó kúrò. Ẹ gbọ́ orin eré náà kí ẹ tó lọ.

Ọmọ mi ń pè mí sí Jámánì

*Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Nuremberg ní òun máa mú mi lọ wo ilé òǹkọ̀wé kan tó tún jẹ́ aṣẹ̀dá orin, ní Bamberg. Kí ni kí n mọ̀ kí n má baà lọ dúró bí òpè? (Bàbá Dùùrù, Òkè-Bọ́lá)*

Ilé E. T. A. Hoffmann ni ọmọ yín ń sọ. Bàbá, ẹ máa gbádùn rẹ̀ ju ẹni tí kò mọ orin lọ.

Königsberg ni wọ́n ti bí i, ní 1776. Lọ́yà ni. Wilhelm ni orúkọ rẹ̀ kẹta, ó yí i padà sí Amadeus nítorí ìfẹ́ tó ní sí Mozart. Ní 1808 ó dé Bamberg láti wá jẹ́ olórí orin ilé tíátà ìlú náà. Iṣẹ́ olórí kò pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń kọ orin fún tíátà yẹn, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé kọ́ àwọn ọmọ olówó lórin. Láti 1809 títí di 1813 ló gbé inú ilé tóóró tí ẹ máa wò yìí, tó dojú kọ ilé tíátà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ àyẹ̀wò orin fún ìwé ìròyìn orin kan ní Leipzig. Èyí tó kọ ní 1810 lórí símúfónì karùn-ún Beethoven ṣì wà lára ohun tí àwọn tó ń kọ́ orin ń kà títí di òní. Ìtàn rẹ̀ kan, tó jáde ní 1816, ni eré ijó Tchaikovsky ti 1892 tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá, ìyẹn "The Nutcracker".

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú fò ni yàrá kékeré lókè pátápátá, níbi tó ti ń kọ̀wé. Ihò kan wà nílẹ̀ yàrá náà, tó já sí yàrá ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń na nǹkan síra wọn láìgun àtẹ̀gùn. Ẹ kọ́kọ́ dúró lókè, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ihò náà láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i bí ilé náà ti kéré tó, bí ariwo ìdáná ṣe lè dé etí ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin, àti bí ọkùnrin náà ṣe wà láàrin ìyàwó nísàlẹ̀ àti tíátà ní iwájú. Kò sí ìwé tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú Undine kí ẹ tó lọ, ìyẹn eré olórin rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Berlin ní 1816. Ìgbà ooru ni kí ẹ fojú sùn. Ilé kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣí nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́hùn-ún ló sì máa ń tì lọ́jọ́ Ajé. Kí ọmọ yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ gan-an. Àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ há, ó sì ga: tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ lọ ní àárọ̀ kí èrò tó dé, kí ẹ lè fara balẹ̀ gùn ún. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè èwo nínú àwọn àga àti tábìlì ló jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, èwo ló kàn jẹ́ ti ìgbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Inú rẹ̀ á dùn ni.

A fẹ́ ṣí ilé bàbá wa

*Bàbá wa kọ ìwé kíkà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ orin púpọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Yàrá ìwé rẹ̀ ní Òkè-Àdó ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú dùùrù rẹ̀, téèpù, àti ìwé sólúfà tó kún àpótí mẹ́ta. A fẹ́ kun ilé, ká fi táìlì sí i, ká wá ṣí i fún ará ìlú. Àbúrò mi ti da kánfọ̀ sínú gbogbo àpótí nítorí kòkòrò. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? (Àkọ́bí ìdílé kan, Òkè-Àdó)*

Ẹ dá kíkun ilé dúró ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá yàrá yẹn.

Fótò ni ẹ máa kọ́kọ́ yà. Ẹ ya yàrá náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà kí ẹ ya orí tábìlì láti òkè tààrà, kí ẹ ya àpótí tábìlì kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá ṣe ṣí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun inú rẹ̀. Ẹ ya pẹpẹ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ṣeé kà. Ìdí ni pé bí ẹ bá ti kó ìwé kúrò lórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé Bíbélì àti ìwé orin wà lọ́wọ́ ọ̀tún àga, tí ìwé gírámà sì wà ní òkè níbi tí ọwọ́ kò dé. Ìtò yẹn ló máa sọ fún àlejò ohun tí bàbá ń kà nígbà tó ń kọ̀wé. Táìlì tuntun kò lè sọ ọ́. Yàrá ìwé náà gan-an, ẹ fi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ táìlì, kó fi sí pálọ̀.

Lẹ́yìn fótò, àkọsílẹ̀. Nǹkan kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀: ọdún, nọ́ńbà àpótí, nọ́ńbà nǹkan náà. Lórí ìwé, pẹ́ńsùlù 2B ni kí ẹ fi kọ ọ́, lẹ́yìn ìwé, ní igun ìsàlẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò á là á kọjá. Ìlẹ̀mọ́ á gbẹ, á jábọ́, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ẹ kó kánfọ̀ yẹn kúrò lónìí. Òórùn rẹ̀ lè lé kòkòrò díẹ̀, àmọ́ kì í sábà pa wọ́n, ó sì ń ba ike àti fótò jẹ́. Èyí tó jù ni ti ara èèyàn: nàfutalínì inú rẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó tí kò ní èròjà G6PD tó nínú ara, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàrin wa. Ilé tí ọmọ ọwọ́ bá wà, kánfọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fùn igi lábẹ́ ìwé, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Òtútù tó ń dì bíi yìnyín ló ń pa á: ẹ di ìwé náà sínú ọ̀rá méjì, ẹ tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ẹ fi téèpù dì í pinpin, ẹ gbé e sínú òtútù tó tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fíríísà ilé kò ṣeé gbára lé fún èyí. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, òtútù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ara kòkòrò á mọ́ ọn, ẹyin rẹ̀ á sì yè. Àwọn tó ń ta ẹja dídì ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í sùn. Ẹ bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, kí ẹ gbé páálí yín sí igun kan lọ́dọ̀ rẹ̀. (Ọ̀rá méjì la wí o.) Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i títí di ọjọ́ kejì, kí omi tó máa jáde lè dúró sí ara ọ̀rá, kó má wọ inú ìwé.

Ikán ni ọ̀tá tó le jù ní ilé àtijọ́ Ìbàdàn. Pẹpẹ irin ni kí ẹ lò, kí àpótí ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ga sí ilẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì fi mẹ́wàá jìnnà sí ògiri, kí ẹ lè rí ọ̀nà amọ̀ tó bá ń gòkè. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà òjò.

Ní ti ìwé sólúfà, ẹ yọ píìnì, kílíìpù àti rọ́bà kúrò, nítorí wọ́n ń dípẹtà tàbí kí wọ́n yọ́ lé ìwé. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya. Ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń lámínéètì, bó ti wù kó dán tó: ooru máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike títí láé. Ohun tí àwọn ìdílé sábà máa ń kó dànù ni ojú ewé tí bàbá fa ìlà pa. Ẹ má dán an wò. Orin tí wọ́n ti tẹ̀ jáde wà lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Ibi tó ti kọ "d : m : s", tó pa á, tó wá kọ nǹkan míràn kí ohùn orin lè bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ilé yín nìkan ló wà. Bí ẹ bá ní ojú ewé méjì péré láti pàtẹ, ẹ pàtẹ èyí tó fa ìlà pa pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbẹ́yìn. Àmọ́ ẹ̀dà ni kí ẹ fi sínú gíláàsì. Kí ojúlówó wà nínú àpótí, nínú òkùnkùn.

Téèpù: ẹ má kàn gbé e sínú ẹ̀rọ láti gbọ́ bóyá ó ṣì dára. Ẹ̀rọ tó dọ̀tí lè fà á já nígbà àkọ́kọ́, ìgbà àkọ́kọ́ yẹn sì lè jẹ́ ìkẹyìn. Bí ẹ bá rí funfun bí èérún lára rẹ̀, èbu ni, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó mọ́, kó dà á sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bíi WAV, tí kì í gé nínú ohùn, kì í ṣe MP3, tó ń gé e, kí ẹ̀dà mẹ́ta wà ní ibi mẹ́ta. Kí téèpù dúró lóòró, kó jìnnà sí sípíkà nítorí mágnẹ́ẹ̀tì.

Dùùrù náà, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé. Òjò máa ń mú igi rẹ̀ wú, ọyẹ́ á sì fà á gbẹ. Àárín méjèèjì ni ó ti ń là. Awọ tó ń fa atẹ́gùn nínú rẹ̀ ni aáyán àti eku fẹ́ràn. Tó bá ti ya, ẹ má fi rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù alágbára lẹ̀ ẹ́, nítorí ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn náà kò ní rí i ṣí. Kò sì gbọdọ̀ sí ìkòkò òdòdó lórí rẹ̀, àní lọ́jọ́ ìṣíde.

Nígbà tí ẹ bá wá kun ilé, ẹ jẹ́ kí òórùn ọ̀dà lọ pátápátá kí ẹ tó dá ìwé padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ ìdílé, òun ló sì ń tú irú ilé yìí ká ju ikán lọ. Ẹ pe ìpàdé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i: ta ló ni ilé, ta ló ni ìwé àfọwọ́kọ, ta ló lè fún ènìyàn láyè láti tẹ orin jáde, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ìpín rẹ̀. Ẹ wo àdéhùn tí bàbá bá àwọn tó tẹ ìwé kíkà rẹ̀ jáde ṣe; ẹ̀tọ́ náà lè wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Ẹ mú lọ́yà lọ́wọ́.

Tí ẹ bá wá ṣí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojoojúmọ́. Sátidé méjì lóṣù ti tó, fún ẹni tó bá ti pè ṣáájú, àlejò mẹ́jọ péré nínú yàrá ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi àpò wọn sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó kọ orin náà nígbà ayé rẹ̀ wà níbẹ̀ láti kọ ọ̀kan fún wọn.